Ẹkún Rákélì, láti Rámà dé Àgbádárìgì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wọ dánfó ní Ìyànà Ìbá tàbí Okokomaiko lọ sí Àgbádárìgì, ẹ sún mọ́bí. Ọ̀rọ̀ wòlíì ni mo bá dé. Kì í ṣe àwọn tó ń ríran sí gómìnà ní gbogbo January o. Àwọn wòlíì Hébérù gan-an. 🧵

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ìbínú nìkan ló kún ìwé wọn. Ẹ ka Hóséà dáadáa. Ọlọ́run inú ìwé yẹn ń sọ̀rọ̀ bí òbí tó fa ọmọ lọ́wọ́ títí ọmọ fi mọ̀ ọ́n rìn, tí ọmọ wá kẹ̀yìn sí i. Ìyà tọ́ sí ọmọ, àmọ́ inú òbí ò gbà á.

Ti Jeremáyà ló mú mi jù. Nígbà tí Bábílónì fọ́ Jerúsálẹ́mù, ní nǹkan bí 586 ṣáájú Kristi, Rámà ni wọ́n kó àwọn ẹrú gbà. Ní Rámà yìí náà ni wòlíì ti gbọ́ ẹkún Rákélì, ìyá ńlá wọn tó ti kú tipẹ́. Kò gba ìpẹ̀, torí àwọn ọmọ ẹ̀ ò sí mọ́. Ọlọ́run ní kó nu ojú nù, wọ́n á padà wá sí ilẹ̀ wọn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sílé.

1821. Ogun kó Òsoògùn. Wọ́n so okùn mọ́ Àjàyí lọ́rùn, ọmọ bí ọdún 12, òun àti Afálà ìyá ẹ̀. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n yà á kúrò lára ìyá ẹ̀, wọ́n fi gba ẹṣin. Ẹṣin o! Nígbà tó yá, ẹṣin ò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n bá dá ọmọ padà bí ẹni dá bàtà padà fún oníbàtà. Lẹ́yìn náà, tábà àti ọtí ni wọ́n tún fi rà á. Ó dé Èkó, ó dé inú ọkọ̀ Potogí ní 1822. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà wọ́n lójú òkun, ó kó wọn lọ sí Sàró.

Mo dárúkọ bàtà torí Ámọ́sì. Ó kọ́kọ́ bá Gásà àti Tírè wí pé wọ́n ta odindi ìlú fún Édómù. Àwọn ará ilé á ti máa pàtẹ́wọ́ sha. Ló bá yíjú sí Ísírẹ́lì fúnra ẹ̀: ẹ̀yin náà ń ta tálákà nítorí bàtà ẹsẹ̀ méjì.

Ibí yìí ló ti kàn wá. Rákélì nìkan la máa ń fẹ́ jẹ́ nínú ìtàn yìí. Àmọ́ ilé Sẹ̀ríkì Abass ṣì wà ní Àgbádárìgì, pẹ̀lú yàrá tí wọ́n ń kó ẹrú sí. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni, wọ́n sì ti ta òun náà rí ní kékeré kó tó di olówò ẹrú.

January 1845, Àjàyí gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì yìí kan náà. Ó ti di àlùfáà, Samuel Crowther. Ọ̀nà Abẹ́òkúta ò ṣeé gbà, ó dúró lé ní ọdún kan. Ní 21 August 1846, ní Abẹ́òkúta, wọ́n mú Afálà wá bá a. Ọdún bíi 25! Wọ́n di ara wọn mú, wọn ò lè sọ̀rọ̀, omijé nìkan. Nígbà tí ìyá ṣèrìbọmi ní 1848, Hánà ni wọ́n sọ ọ́, ìyá Sámúẹ́lì.

Crowther wà lára àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ jáde ní 1884, Rákélì náà wá ń sunkún ní èdè wa.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ni wọ́n dá dúró yẹn. Ọ̀pọ̀ míì dé Brazil àti Cuba, ìyá àwọn ọmọ inú ẹ̀ ò sì rí wọn mọ́. Jeremáyà ò sọ fún wa bóyá Rákélì dákẹ́.