Ilé Gbígbé Akẹ́kọ̀ọ́ Aláwọ̀ Dúdú ní Lọ́ńdọ̀nù, láti 1922 dé 1968

Láàárín ogun àgbáyé kìíní àti ìkejì, iṣẹ́ òfin ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti Èkó àti Abẹ́òkúta lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́. Ẹ̀kọ́ òfin kò sì bá ilé gbígbé rìn. Àwọn ẹgbẹ́ lọ́yà mẹ́rin tó ń sọ ènìyàn di lọ́yà ni Inner Temple, Middle Temple, Lincoln's Inn àti Gray's Inn. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni kó yege ìdánwò, kó sì wá jẹ oúnjẹ alẹ́ ní gbọ̀ngàn wọn ní iye ìgbà tí wọ́n là sílẹ̀ fún sáà kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti jẹun tán, ibi tó máa sùn di wàhálà tirẹ̀. Ní Oxford àti Cambridge, kọ́lẹ́ẹ̀jì tó gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé sábà máa ń fún un ní yàrá lọ́dún àkọ́kọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìgboro ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá yàrá, ìbáà jẹ́ òyìnbó, ìbáà jẹ́ aláwọ̀ dúdú.

Kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò tíì le tó bẹ́ẹ̀, torí àwọn tó ń lọ kò pọ̀. Nígbà tí Christopher Sapara Williams, tí ìran rẹ̀ ti Ìjẹ̀ṣà wá, di lọ́yà ní 1879, kò sí ọmọ ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí tó tíì ṣe é rí. Ẹni tó bá lọ nígbà náà, àwọn ìjọ tàbí oníṣòwò tó mọ bàbá rẹ̀ lè bá a wá alágbàtọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ rẹ̀ tó gúnlẹ̀. Lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918, àwọn òbí tó lówó láti rán ọmọ lọ pọ̀ sí i, àwọn alágbàtọ́ kò sì pọ̀ sí i bákan náà.

Ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster ló ń gbé wọn láti Èkó lọ sí Liverpool, ìrìn bí ọ̀sẹ̀ méjì; láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ rélùwéè lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà sábà máa ń jẹ́ yàrá kan nínú ilé opó tàbí ti ìdílé tó ń fi owó ayálégbé gbọ́ bùkátà. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń san owó rẹ̀, oúnjẹ àárọ̀ sì lè wà nínú owó náà, ṣùgbọ́n ooru yàrá wà lọ́tọ̀. Iná gáàsì tí wọ́n fi ń yá kì í jó àfi tí wọ́n bá sọ ṣílè sínú ihò ẹ̀rọ tó wà lára ògiri. Bí owó yẹn bá tán lóru, iná á kú. Omi gbígbóná fún ìwẹ̀ náà ní iye tirẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé.

Ẹni tí wọ́n gbà sílé ni gbogbo èyí kàn. Ẹlòmíràn á rí páálí lójú fèrèsé pé yàrá wà, á kanlẹ̀kùn, ìyá onílé á yọjú, yàrá á sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan kì í purọ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ò kórìíra ẹnikẹ́ni, àmọ́ àwọn ayálégbé yòókù á kó jáde, àwọn ará àdúgbò á sì máa sọ̀rọ̀ àwọn. Àwáwí yìí ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì burú jù, nítorí kò fi ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ lè bá rojọ́ sílẹ̀: ọrùn ẹni tí kò sí níjokòó ni wọ́n gbé ẹ̀bi kọ́. Àwọn mìíràn á gbà á, wọ́n á sì fowó lé owó yàrá nítorí àwọ̀ rẹ̀. Kò sí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan nígbà náà tó ní kí onílé má ṣe bẹ́ẹ̀.

Inú ipò yìí ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ bá ara rẹ̀ nígbà tó dé ní 1922 láti kọ́ òfin. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó ti kàwé ní Fourah Bay ní Sàró, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, kì í ṣe ọmọdé tí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn. Ní 1924, ọdún tí wọ́n ṣe àfihàn ńlá ti ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ọ̀rọ̀ jáde pé àwọn ará Nàìjíríà ń jẹ ènìyàn. Ṣólàńkẹ́ kọ̀wé ta kò ó. Ìyá onílé tó bá ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lówùúrọ̀, kò nira láti mọ èsì tó máa fún ọmọ Èkó tó bá kanlẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sàn-án. Lọ́dún yẹn kan náà, Ṣólàńkẹ́ àti Amy Ashwood Garvey, ìyàwó àkọ́kọ́ tí Marcus Garvey, gbajúgbajà ajàjàgbara aláwọ̀ dúdú, fẹ́, dá ẹgbẹ́ Nigerian Progress Union sílẹ̀, ilé fún akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára ohun tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ ṣe.

Ẹgbẹ́ tó tóbi jù ú lọ ló wá rí i ṣe. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ 1925, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìyẹn Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà, dá West African Students' Union sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí WASU. J. B. Danquah láti Gold Coast wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ ààrẹ. Ṣólàńkẹ́ ni akọ̀wé àgbà, iṣẹ́ náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé jẹ́ kókó nínú ètò wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí yẹ ní kíkíyèsí, torí àwọn òpìtàn sábà máa ń fi WASU sípò ẹgbẹ́ òṣèlú, bíi pé ọ̀rọ̀ ibùsùn kàn jẹ́ àfikún. Ọ̀rọ̀ ibùsùn gan-an ló kó ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Fante àti ọmọ Sàró jọ sábẹ́ ìyà kan náà, torí ìyá onílé kì í béèrè ìlú tí ẹnikẹ́ni ti wá kó tó ti ilẹ̀kùn.

Marcus Garvey ló fún WASU ní ilé tó kọ́kọ́ lò. Ní 1928, ó jẹ́ kí wọ́n máa lo ilé kan tó gbà ní West Kensington, ṣùgbọ́n wọn kò pẹ́ níbẹ̀. Ṣólàńkẹ́ wá gbéra ní 1929, ó padà sí Áfíríkà láti tọrọ owó ilé tí yóò jẹ́ ti ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Títí di 1932 ló ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń bá ọba, lọ́yà, oníṣòwò àti ará ìlú sọ̀rọ̀, ó sì ń dá ẹ̀ka WASU sílẹ̀ níbi tó bá dé. Owó ń wọlé, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni, torí ọjà ayé ti dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún tó gbéra gan-an, owó kòkó àti epo pupa sì já wálẹ̀. Pé ó lo ọdún mẹ́ta gbáko lórí owó ilé kan ṣoṣo fi hàn bí àìní náà ti tó.

Ní oṣù kẹta 1933 ni ilé WASU ṣílẹ̀kùn ní nọ́ńbà 62, Camden Road, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Ṣólàńkẹ́ ló ń bójú tó ilé. Ìyàwó rẹ̀, Ọpẹ́olú Ọbísànyà, ló ń bójú tó oúnjẹ àti àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Iṣẹ́ obìnrin yìí kì í sábà hàn nínú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ òun ni akẹ́kọ̀ọ́ tuntun rí kí, òun ló sì se oúnjẹ ilé tó kọ́kọ́ jẹ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi. Yàrá ibẹ̀ kò tó gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí yàrá gbà pàápàá ń wá síbẹ̀ wá jẹun, wá ka ìwé ìròyìn ilé, wá gbọ́ èdè rẹ̀, wá jó, wá jiyàn. Ẹni tó ti lo ọdún kan tàbí méjì á sì sọ fún ẹni tuntun àdúgbò tí wọ́n ti ń gba aláwọ̀ dúdú àti ibi tí kó má wulẹ̀ fẹsẹ̀ dé.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjà ilé méjì bẹ̀rẹ̀. Colonial Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń fi ojú ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọmọ tó bá ń rìn kiri wá yàrá nínú òtútù, tí wọ́n ń lé, á bọ́ sọ́wọ́ àwọn Kọ́múníìsì. Èrò yẹn kò kúkú jìnnà sí òótọ́. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, Hans Vischer, tó ti ṣiṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ rí ní Àríwá Nàìjíríà, sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òpó rẹ̀. Ní 1934, ìgbìmọ̀ náà ṣí Aggrey House ní Doughty Street, òpópónà tí Charles Dickens ti gbé rí. Wọ́n fi orúkọ James Kwegyir Aggrey sọ ọ́, olùkọ́ ará Gold Coast tó kú ní 1927, tí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun jọ bọ̀wọ̀ fún. Harold Moody, dókítà ará Jàmáíkà tó dá League of Coloured Peoples sílẹ̀, fọwọ́ sí i.

WASU kò fọwọ́ sí i rárá. Wọ́n tẹ ìwé pélébé jáde láti fi tú àṣírí ilé náà, wọ́n sì ní kí ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kankan má lọ gbé ibẹ̀. Ẹ̀sùn wọn ni pé ìjọba ń fi ilé ṣọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni, àti pé ilé tí Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀ fún dúdú kò tako ìyàsọ́tọ̀, ṣe ló ń fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Apá kejì ẹ̀sùn yìí nira láti gbèjà pátápátá, torí ilé WASU náà, dúdú ló wà fún. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú. Fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́, yíyan ilé di yíyan ẹgbẹ́: ibùsùn Aggrey House lè rọgbọ̀, àmọ́ àwọn ará ilé á máa wò ó bí ẹni tó jẹ́ ti ìjọba. Nígbà tó yá, ìjọba rí i pé Ṣólàńkẹ́ kò ṣeé tì sẹ́yìn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ran ilé WASU náà lọ́wọ́. Ní 1938, WASU kó lọ sí ilé tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nọ́ńbà 1, South Villas, ní Camden Square. Owó ìjọba àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣòwò ní Áfíríkà wà nínú rẹ̀. Ó ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹgbẹ́ tó bú Aggrey House gba irú owó bẹ́ẹ̀. Aggrey House fúnra rẹ̀ kò rí ìparí ogun àgbáyé kejì. Wọ́n tì í pa ní 1940.

Ogun sọ ẹgbẹ́ onílé yìí di ibi tí àwọn alágbára Gẹ̀ẹ́sì ń wá sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹjọ 1941, Clement Attlee, igbákejì Churchill tó jẹ́ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sọ fún àwọn ọmọ WASU pé ìlérí òmìnira tó wà nínú Àdéhùn Àtìláńtíìkì, tí Churchill àti ààrẹ Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde, wà fún gbogbo ènìyàn, àwọ̀ yòówù kí wọ́n ní. Kò tó oṣù kan tí Churchill fi sọ nílé ìgbìmọ̀ pé àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tí Jámánì gbà ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn tó gbọ́ ti Attlee kò gbàgbé ti Churchill.

Ní 1943, hòtẹ́ẹ̀lì Imperial ní Russell Square sọ fún Learie Constantine, ìlú-mọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì láti Trinidad, pé alẹ́ kan péré ni òun àti ìdílé rẹ̀ lè sùn níbẹ̀. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ó sì jàre ní 1944. Gínì márùn-ún ni wọ́n ní kí wọ́n san fún un. Ẹjọ́ yẹn kò ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Òfin àtijọ́ ló de hòtẹ́ẹ̀lì pé kó gba àlejò. Ìyá onílé tó ní yàrá méjì tàbí mẹ́ta kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, àwọn tó ń bọ̀ pọ̀ gan-an. Ìjọba ṣí họ́sítẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, lára wọn ni Nutford House nítòsí Marble Arch, níbi tí Seretse Khama láti Bechuanaland ti pàdé Ruth Williams ní 1947, ìgbéyàwó wọn sì mi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1950, British Council ló gba ìtọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti ilẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá sọ́wọ́: wọ́n ń lọ pàdé wọn létí ọkọ̀, wọ́n ń wá yàrá fún wọn, wọ́n sì ń tọ́jú orúkọ àwọn onílé tó gbà láti gba aláwọ̀ dúdú. WASU náà ní ilé kejì ní Chelsea Embankment, ṣùgbọ́n ìjà owó àti ipò ti wọ inú ẹgbẹ́. Ṣólàńkẹ́ pínyà pẹ̀lú wọn, ó sì ń bá iṣẹ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́ lọ ní tirẹ̀ títí tó fi kú ní 1958.

Nílé, ọ̀nà mìíràn ti là. Nígbà tí University College bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, ilé ìwòsàn àwọn ológun tí ogun fi sílẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ gbé. Ìgbìmọ̀ Asquith, tó gba ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn lórí irú yunifásítì bẹ́ẹ̀, ti tẹnu mọ́ ọn pé inú ọgbà ilé-ìwé ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbé. Ọmọ tó bá wọ Ìbàdàn, yàrá ti ń dúró dè é. Ẹni tó bá sì tún kọjá lọ sí Gẹ̀ẹ́sì ló ń kan ìṣòro àtijọ́. Wọlé Ṣóyínká, tó ti Ìbàdàn lọ sí Leeds ní 1954, kọ ewì “Telephone Conversation” nípa ọkùnrin Áfíríkà kan tó ń bá ìyá onílé sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípa yàrá, tí obìnrin náà sì ń wádìí bí àwọ̀ rẹ̀ ti dúdú tó.

Òfin àkọ́kọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe lórí ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà, ní 1965, kò mẹ́nu ba irú ìyálégbé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wá. Ti 1968 ló kà á léèwọ̀ kí onílé kọ̀ láti fi ilé háyà fún ènìyàn nítorí àwọ̀ tàbí ìran rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yọ onílé kékeré sílẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń gbé inú ilé kan náà tó sì jọ ń lo ibi ìdáná tàbí ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú ayálégbé rẹ̀, irú ìyá onílé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà Ṣólàńkẹ́ ti ń kanlẹ̀kùn rẹ̀ láti 1922.