Ohun Tí A Bá Fẹ̀sọ̀ Mú

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko." Ẹni tí inú ń bí ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún, débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé sùúrù lásán ni ẹ̀sọ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ wà nínú ẹ̀sọ̀. Ẹni tí kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè fẹ̀sọ̀ mú un, bó ti wù kó ní sùúrù tó. Iṣẹ́ àwọn tó ń tún àpótí àtayébáyé ilẹ̀ Jàpáànì ṣe fi èyí hàn kedere.

Oje igi kan tí wọ́n ń pè ní urushi ni wọ́n fi ń kun àpótí wọ̀nyí. Ìdílé kan náà ni igi yìí, kajú àti máńgòrò ti wá. Ẹni tí oje èèpo kajú bá ti bó lẹ́nu rí yóò mọ ohun tí oje urushi lè ṣe fún awọ ara. Igi náà yóò tó ọdún 10 sí 15 kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ sá a, oje tí wọ́n sì ń rí lára ẹyọ kan kò ju nǹkan bí ife tíì kan lọ. Wọ́n ń kùn ún sára pákó léraléra, wọ́n sì ń wọ́n lẹ́búlẹ́bú wúrà sí i nígbà tó ṣì tutù. Oòrùn kọ́ ni wọ́n ń sá a sí. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó lọ́rinrin ni wọ́n ń gbé e sí, ibẹ̀ ló sì ti ń le. Bó bá ti le tán, omi àti ọtí kò rí i gbé ṣe mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ni apá rẹ̀ kò ká. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń bà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú rẹ̀ á ṣá, á sì sán wẹ́wẹ́, omi tí kò rí i gbé ṣe tẹ́lẹ̀ á sì lè bà á jẹ́.

Ẹ wo àpótí tí wọ́n ń pè ní Mazarin, tí wọ́n ṣe ní Kyoto ní nǹkan bí ọdún 1640, tí Victoria and Albert Museum ní London rà ní 1882. Àwòrán inú ìtàn àtayébáyé Jàpáànì tí wọ́n ń pè ní ìtàn Genji ni wọ́n fi wúrà, fàdákà àti ìkarawun òkun ṣe sí i lára. Nígbà tí ojú rẹ̀ ṣá, àwọn kan ní Yúróòpù fi fáníṣì kùn ún kó lè dán. Ó dán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fáníṣì náà pọ́n, ó bo wúrà mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó lè yọ fáníṣì lè ba urushi tó ti ṣá náà jẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni apá kejì òwe wa ti ṣẹ.

Ní 2004 ni àwọn ọ̀mọ̀ràn Jàpáànì àti ti London jọ dáwọ́ lé àtúnṣe rẹ̀. Àríyànjiyàn ńlá wà nídìí irú iṣẹ́ yìí. Ní Jàpáànì, urushi ni wọ́n ń fi tún urushi ṣe. Ní Yúróòpù, wọn kì í fẹ́ fi ohun tí kò ṣeé yọ lọ́la sí i. Ní tèmi, àwọn méjèèjì ló jàre, nítorí ohun tó bá ti wọ inú urushi kì í jáde mọ́: ó yẹ kó jẹ́ ohun tó bá a mu, ó sì yẹ ká rò ó dáadáa kó tó wọlé.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lẹ ibi tó bá ṣí kúrò lára pákó ló wú mi lórí jù. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín ki gúlùù sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á gbé férémù bo àpótí náà, wọ́n á tẹ pẹlẹbẹ ọparun kọdọrọ sáàárín férémù àti ojú iṣẹ́, kí ọparun tó fẹ́ nà padà máa rọra tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ títí gúlùù á fi gbẹ. Bí ọparun kan bá le jù, urushi á fọ́.

Àpótí kejì tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ti Mazarin sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkùnrin ará Faransé kan ti rà á ní London ní 1970 ní 100 pọ́n-ùn. Kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: ó gbé tẹlifíṣọ̀n lé e, nígbà tó yá ó ń kó ọtí sínú rẹ̀. Ní 2013, Rijksmuseum ní Amsterdam san ohun tó ju mílíọ̀nù 7 yúrò lọ kí wọ́n tó rí i gbà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí irú ohun bẹ́ẹ̀ wà nílé yín, ẹ gbé e kúrò lójú fèrèsé, ẹ má fi pólíìṣì kankan kàn án, kí ẹ sì wá ẹni tó mọ urushi kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.