Ẹ̀tù, Ọta àti Ọ̀pá: Bí A Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Ọta Jókòó Sí Nínú Ìbọn

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ti di ọdẹ àgbọ̀nrín ní Amẹ́ríkà, ló kọ̀wé sí mi. Ó ní òun kì í ra ọta tí wọ́n ti dì tán mọ́. Òun fúnra òun ló ń rọ ẹ̀tù sínú ìkarahun idẹ, tí òun sì ń ti ọta bọ ẹnu rẹ̀. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni bí ọta náà ṣe gbọ́dọ̀ wọlé tó, àti ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n. Ó wá bi mí pé, “Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Yorùbá tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ fún nǹkan yìí?” Ọ̀rọ̀ wà jàre. Ìtàn sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí ọ̀rọ̀-ìṣe. Kì là ń ṣe fún ìbọn kí ó tó lè dún. Yìn là ń ṣe fún un kí ó dún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ní kíláàsì mi á rántí òfin náà: ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó bá ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń di olóhùn àárín nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé “ó ki ìbọn, ó yin ìbọn”, gẹ́lẹ́ bí a ṣe ń sọ pé “ó ki ọba, ó yin ọba”. (Kí tí à ń kí èèyàn láàárọ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí, ohùn tirẹ̀ kì í yí padà.) Mi ò sọ pé inú oríkì ni kíki ìbọn ti wá o. Ọ̀rọ̀ méjì lè jọra kí wọ́n má jẹ́ ọmọ ìyá. Ṣùgbọ́n ọdẹ tó ń sun ìjálá, tó ń ki ẹranko lẹ́nu, tó sì ń ki ìbọn lọ́wọ́, ẹ má sọ fún mi pé etí rẹ̀ ò gbọ́ ọ.

Kì yìí kì í ṣe dídà lásán. Ó ń sọ nípa títì mọ́lẹ̀ kí nǹkan lè dì. Ẹnu ìbọn ni nǹkan gbogbo ń gbà wọ inú ṣákábùlà: ẹ̀tù á kọ́kọ́ wọlé, àkísà tàbí ìhá á tẹ̀lé e, ọta á tẹ̀lé ìyẹn, wọ́n á tún fi àkísà dí i lókè kó má baà dà nù. Ojú ò lè rí ohun tó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń kì í nìkan ló lè jẹ́rìí. Àwọn ọdẹ àgbà tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn máa ń wo bí ọ̀pá náà ṣe yọ síta tó lẹ́nu ìbọn, wọ́n á sì fi ìbú ìka wọ̀n ọ́n. Ọ̀pá tó bá wọlé tán pátá, ìbọn òfìfo ni. Èyí tó bá yọ ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti kì í tẹ́lẹ̀, ẹnì kan sì tún kì í lé e, tàbí kí ó jẹ́ pé ọta ti há sójú ọ̀nà.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Bí àlàfo bá wà láàárín ẹ̀tù àti ọta, agbára iná á kọlu ọta náà bí ìgbà tó kọlu ògiri, irin lè wú, ó sì lè ya. Ọwọ́ òsì tó di irin mú ló máa ń bá a lọ. Ẹ wá gbọ́ ohun tí gírámà lè dá sílẹ̀ o: bí ọmọ ọdẹ bá ní “Ó kì í dé ìdí”, ọkàn ọ̀gá rẹ̀ balẹ̀. Bó bá fi “ó” sílẹ̀, tó ní “Kì í dé ìdí”, ó ti sọ òdì kejì ọ̀rọ̀. Arọ́pò-orúkọ kan ṣoṣo ló wà láàárín ọwọ́ àti àìlọ́wọ́! (Ohùn náà tún wà níbẹ̀: ẹ̀tù là ń kì, ẹtu là ń lé nígbó, ẹtù sì ni ẹyẹ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe aṣọ.)

Ogun ló kọ́kọ́ fi ìbọn tí kò fẹ́ ọ̀pá han ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa. Ní ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn lé lórí ní 1886, tí àwọn ọmọ ogun ò sì tú ká títí di 1893, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ra ìbọn Snider àti irú rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ki irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Jagunjagun Ìbàdàn tó gbé ṣákábùlà gbọ́dọ̀ nàró kó tó lè ti ọ̀pá wọ ẹnu ìbọn. Ẹni tó gbé Snider lè dojú bolẹ̀ kó máa yìn ín léraléra. Ìbàdàn náà wá tirẹ̀ kiri nígbà tó yá, àmọ́ ojú wọn ti rí nǹkan.

Snider fúnra rẹ̀, ìbọn Enfield àtijọ́ ni. Enfield tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ọ̀pá kì láti 1853 ni wọ́n gé nídìí, láti nǹkan bí 1866, tí wọ́n fi ìlẹ̀kùn kékeré sí i gẹ́gẹ́ bí ará Amẹ́ríkà kan, Jacob Snider, ṣe gbèrò rẹ̀. Edward Boxer ló ṣe ọta rẹ̀ ní Woolwich: ìkarahun idẹ, ẹ̀tù nínú, ọta lẹ́nu. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tí ọ̀pá ń ṣe ti kúrò lọ́wọ́ ọdẹ, ó ti di ti ilé iṣẹ́. Ẹni tí ò tíì rí ọ rí ló ti bá ọ wọn bí ọta rẹ ṣe jìn tó.

Kí ló dé tí ṣákábùlà ò wá parẹ́ nílẹ̀ wa? Òfin wà nínú rẹ̀. Ní 1890, ní Brussels, àwọn ìjọba òyìnbó fẹnu kò pé kí wọ́n má kó ìbọn ìgbàlódé wọ ilẹ̀ Áfíríkà, láti ìlà 20 ní àríwá dé ìlà 22 ní gúúsù, àfi lábẹ́ ìdarí líle. Wọ́n yọ̀ǹda ìbọn olókùúta-iná tí kò ní ìlà nínú, àti ẹ̀tù lásán. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni. Èmi gbà pé ìbẹ̀rù ọlọ́tẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ohun tí ìyẹn ṣe fún wa ni pé ọgbọ́n ọ̀pá ò kú lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ àti ọdẹ.

Ẹ wá wo iṣẹ́ ẹni tó kọ̀wé sí mi. Ẹ̀tù tí kò ní èéfín, tí Paul Vieille ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní 1884, lágbára ju ẹ̀tù dúdú lọ fíìfíì, kò sì gba àṣìṣe. Bí ọta bá jìn jù sínú ìkarahun, àyè inú rẹ̀ á dín, agbára iná á sì ga. Bó bá yọ jù, á lọ fẹnu ti ìlà tí wọ́n kọ sínú irin, agbára náà á tún ga. (Ṣákábùlà ò kọlà, ìbọn òyìnbó ló kọ ọ́, inú ló sì kọ ọ́ sí.) Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n dé ìdá kan nínú 1,000 ínǹṣì, tí wọn kì í sì í kọjá ohun tí ìwé àwọn tó ṣe ẹ̀tù bá sọ.

Ọ̀pá sì ni ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń lò! Wọ́n á ti ìdí ìbọn òfìfo, wọ́n á ti ọ̀pá ìnubọn gba ẹnu rẹ̀ wọlé títí yóò fi kan irin tó ti ìdí náà, wọ́n á fi àmì sára ọ̀pá lẹ́nu ìbọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ṣí ìdí rẹ̀, wọ́n á ti ọta nìkan sínú títí yóò fi kan ìlà, wọ́n á ti ọ̀pá wọlé kó kan ẹnu ọta, wọ́n á tún fi àmì síbẹ̀. Àlàfo àárín àmì méjèèjì ni gígùn tí ọta náà lè ní jù lọ kó tó kan ìlà. Wọ́n á wá dín in díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọta kan kì í ga bákan náà pẹ̀lú ti èkejì, kódà nínú páálí kan náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é dáadáa fi ń fi kálípà wọ̀n ọ́n láti ìdí ìkarahun dé èjìká ọta, níbi tí ara rẹ̀ ti ń kan ìlà, tí wọn ò sì ka ti ẹnu rẹ̀ sí.