Ẹ̀rọ tí ń Rántí Ìpalára

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Kì í ṣe pé onítọ̀hún kò mọ ekòló yàtọ̀ sí ejò. Ara rẹ̀ ni kò gbàgbé. Ohun méjì ni òwe yìí so pọ̀: ìrántí àti ìrora. Àwọn méjèèjì ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń wá ọ̀nà láti fi sínú ẹ̀rọ, ìtàn bí wọ́n sì ti dé ibẹ̀ ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Santiago Ramón y Cajal, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, fi awò amúǹkantóbi wo iṣan ìmọ̀lára inú ọpọlọ. Ó ní wọn kì í ṣe okùn kan ṣoṣo tí ó lọ jànràn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó kàn súnmọ́ èkejì rẹ̀ ni. Ní ọdún 1897, Charles Sherrington, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ibi tí ọ̀kan ti ń jíṣẹ́ fún èkejì ní sínápùsì. Ní ọdún 1949, Donald Hebb, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ṣàlàyé pé bí iṣan kan bá ń ta èkejì jí léraléra, ìsopọ̀ àárín wọn á máa lágbára sí i. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ bá ń tọ̀ lójoojúmọ́ kì í hu koríko. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ṣe ń wọ ọpọlọ.

Ibòmíràn ni ohun tí ó fi èyí sínú ẹ̀rọ ti wá. Ohun mẹ́rin ni a fi ń ṣírò iná mànàmáná: agbára tí ń tì í, bí ó ti ń ṣàn sí, iye rẹ̀ tí ó kọjá, àti agbára òòfà tí ó ń bí. Rẹ̀sísítọ̀, kàpásítọ̀ àti ìńdọ́kítọ̀, tí àwọn tí ń tún rédíò ṣe mọ̀ dáadáa, ni ó ń so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì. Ní ọdún 1971, Leon Chua, olùkọ́ ní Yunifásítì California ní Berkeley, rí i pé àlàfo kan ṣẹ́kù. Kò sí ohun èlò tí ó so iye iná pọ̀ mọ́ agbára òòfà. Ó ní ìkẹrin gbọ́dọ̀ wà, ó sì sọ ọ́ ní mẹ́mírísítọ̀, orúkọ tí ó pa ìrántí àti ìdènà pọ̀. Iye iná tí ó ti gba inú rẹ̀ kọjá ni yóò pinnu bí yóò ti dènà èyí tí ń bọ̀. Bí a bá sì pa iná, kò ní gbàgbé ibi tí ó dé.

Ọdún 37 kọjá kí ẹnikẹ́ni tó ní òun rí i. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, Stanley Williams, Dmitri Strukov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé ìwádìí Hewlett-Packard ní Palo Alto kéde rẹ̀. Wọ́n fi títáníọ̀mù tí ó pò mọ́ ọ́síjìn, tí ó fẹ́lẹ́ gidigidi, sáàárín wáyà méjì. Bí iná bá ń kọjá, àwọn àyè tí ọ́síjìn kò sí á ṣípò, ọ̀nà iná á sì gbòòrò tàbí kí ó há. Láti ọdún 1962 ni a ti ṣàkíyèsí irú ìyípadà báyìí nínú àwọn ohun èlò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì ní orúkọ tí yóò jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n. Àwọn onímọ̀ kan ń jiyàn síbẹ̀ pé èyí kọ́ ni Chua ṣírò rẹ̀ gan-an. Àríyànjiyàn náà kò dá iṣẹ́ dúró. Ní ọdún 2010, Wei Lu àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan fi fàdákà àti sílíkọ́ọ̀nù ṣe èyí tí ìsopọ̀ rẹ̀ ń lágbára tàbí tí ó ń rọ, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó ṣáájú nínú àmì méjì àti bí wọ́n ti tètè tẹ̀lé ara wọn tó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sínápùsì ń ṣe.

Ìrántí dé, ó ku ìrora. Sherrington kan náà ni ó ti ya àwọn iṣan tí ń mọ ìpalára sọ́tọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1906. Ní ọdún 2018, Jung Ho Yoon, Joshua Yang àti ẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst fi mẹ́mírísítọ̀ ṣe àfarawé wọn. Nínú irú tí wọ́n lò, fàdákà wínníwínní ni ó ń parapọ̀ di afárá fún iná, tí ó sì ń tú ká bí iná bá dẹwọ́. Bí iná díẹ̀ bá kàn án, kò dáhùn. Àfi bí ó bá kọjá ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n bí iná líle bá ti pa á lára, èyí tí kò kà sí tẹ́lẹ̀ á mú un dáhùn, líle á sì mú un dáhùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ó bá sinmi, á padà sípò. Ẹni tí ejò bù ṣán náà nìyẹn, tí ń sá fún ekòló.

Ẹni kan lè béèrè pé kí ni ẹ̀rọ fẹ́ fi ìrora ṣe. Àrùn ẹ̀tẹ̀ dáhùn ìbéèrè yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àrùn náà fúnra rẹ̀ ni ó ń jẹ ìka, ṣùgbọ́n Dókítà Paul Brand, tí ó lọ ṣiṣẹ́ ní Vellore ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1946, fi hàn pé iṣan ìmọ̀lára ni ó ń kú. Aláìsàn á gbé ìkòkò gbígbóná láìmọ̀, á tẹ ìṣó láìmọ̀, egbò tí kò dùn ún á sì máa jinlẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìrora kò ní olùṣọ́. Nítorí èyí ni Madhu Bhaskaran àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì RMIT ní Melbourne, ilẹ̀ Ọsirélíà, ṣe gbé awọ àtọwọ́dá jáde ní ọdún 2020, èyí tí ń dáhùn sí títẹ̀, sí ooru àti sí ohun tí ó lè pa ara lára, ní ìrètí pé yóò wúlò fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá.

Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í jìyà. Kò sí ẹni tí ń kérora nínú wọn. Ìdáhùn sí ìpalára ni wọ́n ní, wọn kò ní ìbànújẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí ó gba ọ̀pọ̀ ọdún yìí ti jẹ́ kí ohun kan yé ènìyàn nípa ara òun tìkára rẹ̀: ìrora tí gbogbo ayé ń gbàdúrà kí ó kúrò ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣe làálàá láti fi ta ẹ̀rọ lọ́rẹ.