Aṣọ, Ọgbọ́n àti Iyì: Ẹ̀kọ́ láti Ilẹ̀ Okun

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Àwọn kan náà ni wọ́n sì sọ pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Àárín òwe méjèèjì yìí ni ọ̀mọ̀wé tí ó fẹ́ràn oge há sí. Bí ó bá wọ aṣọ jákujàku, wọ́n ní kò bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá wé gèlè tí ó gún régé, wọ́n ní aṣọ ni ó gbà á lọ́kàn, kì í ṣe ìwé. Obìnrin ni ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń bá jù. Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹni tí ó fọkàn sí aṣọ kò lè ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ Okun dá wa lóhùn.

Ní agbègbè Kàbà, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ọwọ́ àwọn obìnrin ni iṣẹ́ aṣọ híhun wà jù, lórí òfì tí a gbé dúró lóòró. Ní Búnú, àwọ̀ aṣọ ń sọ̀rọ̀. Funfun jẹ mọ́ àwọn iwin omi àti ìwòsàn. Dúdú wà fún ìgbéyàwó. Aṣọ pupa tí wọ́n ń pè ní aṣọ ipò sì wà fún ìsìnkú àwọn olóyè.

Elisha Renne, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá láti Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí ní Búnú ní àwọn ọdún 1980. Ìwé rẹ̀, Cloth That Does Not Die, jáde ní 1995. Aṣọ ni ó fi ṣàlàyé ìgbéyàwó, oyè àti ikú.

Ní ọdún 1995 kan náà ni Kim Marie Vaz, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé jáde lórí ìgbésí ayé Nike Davies-Okundaye, tí a bí ní Ògìdì-Ìjùmú ní 1951. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tí ó jẹ́ ahunṣọ ni ó dàgbà sí, kò sì lọ sí yunifásítì. Síbẹ̀, ó dá ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, ó sì ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà. Àdìrẹ àti gèlè gàgàrà rẹ̀ kò bo ìmọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn gan-an ni ẹ̀rí ohun tí ó mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga fúnra rẹ̀ kò fojú kékeré wo aṣọ. Láti ìgbà tí a ti dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948 ni a ti ń wọ aṣọ ìgboyè tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọ̀ rẹ̀ ni a fi ń mọ oyè ẹni, gẹ́gẹ́ bí aṣọ ipò ti ń fi ipò olóyè hàn. Èyí tí ó ti òkè òkun wá, a pè é ní iyì. Èyí tí ó ti òfì ìyá wa wá, a pè é ní fáàrí.

Aṣọ kò lè sọ òpè di ọ̀mọ̀wé, iṣẹ́ ọpọlọ ni a fi ń wọn ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àjèjì ni ó kọ ìwé méjèèjì yẹn. Bí ìtìjú bá mú kí àwọn ọmọ wa sá fún ọ̀rọ̀ aṣọ, ta ni yóò kọ èyí tí ó kù? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bi ìyá àgbà yín léèrè orúkọ aṣọ tí ó wà nínú àpótí rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.