IYỌ̀ WA KÒ NÍ DI ÒBU

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ la fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. A kì í sábà ka iyọ̀ sí nǹkan, nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀. Àmọ́ tí a bá ń sọmọ lórúkọ, ṣé a lè ṣe é kí iyọ̀ má sí níbẹ̀?

Láyé àtijọ́, kò sí fíríìjì. Iyọ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹja àti ẹran kó má bàa bàjẹ́. Ẹni tó bá ní iyọ̀ ló lè gbé oúnjẹ rin ọ̀nà jíjìn. Ìdí nìyẹn tí iyọ̀ fi di owó. Lọ́dún 1352, Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò, dé Taghaza nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, ní àríwá Málì òde òní. Iyọ̀ tí wọ́n gé bíi búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ilé àti mọ́ṣáláṣí ibẹ̀. Ràkúnmí ló ń ru iyọ̀ náà wá sí gúúsù, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á máa ná an.

Ní tiwa, àwọn ará etíkun máa ń se omi òkun títí á fi ku iyọ̀ nìkan. Nígbà tó yá, ọkọ̀ òkun ń kó iyọ̀ wá láti Liverpool, ó ń kó epo pupa wa lọ.

Ibi tí iyọ̀ bá wà, ìjọba á fẹ́ dá sí i. Ní Íńdíà, Gandhi fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí etíkun lọ́dún 1930 nítorí òfin iyọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. L'Ékòó ńbí, nígbà ogun Hítílà, ọkọ̀ òkun dínkù, iyọ̀ wọ́n. Ìjọba wá ń fi iye owó lé oúnjẹ ọjà, Captain Pullen ló ń darí ètò náà. Ìyá wa Alimotu Pelewura ti ọjà Eréko kó àwọn obìnrin ọjà jọ, wọ́n ní àwọn ò gbà. Lọ́dún 1945, ètò náà kógbá sílé.

Ìjà tiwa lónìí yàtọ̀. Láti ọdún 1993 ni òfin ti sọ pé kí áyódìn wà nínú iyọ̀ tí a ń jẹ ní Nàìjíríà. Àìtó áyódìn ló ń fa gẹ̀gẹ̀, ó sì lè pa ọpọlọ ọmọ inú oyún lára. Àmọ́ áyódìn kò fẹ́ oòrùn, kò fẹ́ ọ̀rinrin. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń tú iyọ̀ sílẹ̀ láìbò láti òwúrọ̀ dalẹ́, kí oníbàárà lè rí i. Ẹ jẹ́ ká jáwọ́ ńbẹ̀. Ẹ bò ó, ẹ gbé e sábẹ́ ìbòòji. Nílé náà, ọbẹ̀ tó bá fẹ́ jinná ni kẹ́ ẹ bu iyọ̀ sí.

Àwọn ìyá wa jà kí ọjà má bàa bọ́ lọ́wọ́ wa. Kí oníbàárà má gba òbu lọ́wọ́ wa ló kù. Iyọ̀ wa kò ní di òbu o. Àṣẹ.