Ààlà Inú Tẹlifíṣọ̀n: Bí Fídíò Ilé Wa Ṣe Dé Orí Àwo DVD

Àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1889 ni ó la ilẹ̀ Kétu sí méjì: Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sí abẹ́ Faransé, Mẹ̀kọ bọ́ sí abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òpìtàn ti sọ̀rọ̀ dáadáa lórí ohun tí ìyẹn ṣe sí ilé-ẹ̀kọ́ àti sí èdè ìjọba. Ṣùgbọ́n ààlà kan náà yìí wọ inú tẹlifíṣọ̀n, ó sì jókòó síbẹ̀ títí àwo DVD fi dé. Ìtàn kékeré ni, àmọ́ inú ilé kálukú wa ni ó ti ṣẹlẹ̀.

Ní ọdún 1967, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ń tàn ká Yúróòpù, Faransé tẹ̀lé ọ̀nà SECAM tí Henri de France hùmọ̀. Jámánì Ìwọ̀-oòrùn àti Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé PAL, iṣẹ́ Walter Bruch. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n pè é. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, ìgbéraga wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nàìjíríà gba PAL. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní 1978, SECAM ni tiwa.

Kásẹ́ẹ̀tì VHS, tí JVC gbé jáde ní Jàpáánì ní ọdún 1976, ni ó tú àṣírí náà, nígbà tí kò sí ìsìnkú, ìgbéyàwó tàbí oyè tí a kì í gbà sórí rẹ̀ mọ́. Ìlà 625 ni àwòrán ọ̀nà méjèèjì ní, àwòrán 25 sì ni ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà ní Èkó kò kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́. Àwọ̀ nìkan ni kì í hàn. Aṣọ ẹbí tí wọ́n fi owó gidi rà, igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi ọ̀dà, gbogbo rẹ̀ a di eérú. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí àwọ̀ gbọ́dọ̀ wá magnétoscope àti tẹlifíṣọ̀n tí ó gbọ́ èdè méjèèjì.

VCD ti ọdún 1993 kò gbà ju nǹkan bí wákàtí kan lọ, àwòrán rẹ̀ kò sì mọ́. DVD, tí ó jáde ní Jàpáánì ní ìparí ọdún 1996, ni ó pa ààlà náà rẹ́. Nọ́ńbà ni àwọ̀ jẹ́ lórí rẹ̀. Kò tilẹ̀ sí ohun tí ń jẹ́ DVD SECAM. Tẹlifíṣọ̀n tí ń gba ọ̀nà méjèèjì ni ó sì parí iṣẹ́ náà.

Báwo ni fáìlì fídíò ṣe ń di àwo? Faransé ń pè é ní graver, èyí tí ó sún mọ́ fífín tí a ń fín igbá; Gẹ̀ẹ́sì ní wọ́n ń sun ún. Àwọn méjèèjì jàre. Ìmọ́lẹ̀ laser pupa ń mú aró tí ó wà nínú àwo gbóná, ibi tí ó bá kàn a yí padà, àmì wọ̀nyí ni ẹ̀rọ ń kà. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa rò pé kí a da fáìlì sórí àwo ti tó. Kò tó. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n kò mọ fáìlì fóònù. Kọ̀ǹpútà ní láti kọ́kọ́ tún un kọ ní MPEG-2, ní ìwọ̀n 720 lórí 576, kí ó tò ó sínú àpò tí ń jẹ́ VIDEO_TS, kí ó fín in, kí ó sì sé àwo náà pa. GB 4.7 ni àyè tí ó wà: wákàtí kan a mọ́ kedere, méjì a ṣe é wò.

Ibí ni àdánù ti wọlé. Ẹlòmíràn a fún gbogbo òru ẹ̀fẹ̀ mọ́ orí àwo kan ṣoṣo. Òkùnkùn àti ijó sì ni ohun tí MPEG-2 kì í lè gbé dáadáa bí àyè bá há: ojú ènìyàn a di àpótí kéékèèké. Lẹ́yìn náà a pa fáìlì rẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè ní àyè, ìdílé a sì da kásẹ́ẹ̀tì nù, nítorí pé wọ́n ti ṣe é sí DVD. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ọmọ ènìyàn, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ṣùgbọ́n orin tí ẹlẹ́fẹ̀ kọ ní ọdún kan pàtó, ẹni tí ó bú àti ẹni tí ó yìn, kì í ṣe inú ìkéde ni a ó ti rí i. Fíìmù tí Francis Aupiais àti Frédéric Gadmer yà ní Dàhòmì ní 1930 ṣì wà nínú àkójọ Albert Kahn nítòsí Paris. Ṣé a lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa òru ẹ̀fẹ̀ tí àwa fúnra wa gbà ní 1995?

Àwo tí a fín nílé pàápàá kì í ṣe ohun ayérayé: oòrùn àti ooru ń pa aró rẹ̀. Ojú tiwa ni pé kí DVD jẹ́ ti wíwò nìkan, kí fáìlì gangan wà lórí disque dur méjì ní ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì kọ ìlú, ọjọ́ àti orúkọ ẹlẹ́fẹ̀ sí i. Kásẹ́ẹ̀tì ni kí ẹgbẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àwo, nítorí magnétoscope ti ń ṣọ̀wọ́n: Funai ti Jàpáánì, tí ó ṣe é gbẹ̀yìn, dáwọ́ dúró ní oṣù keje ọdún 2016.